Ìbòmú Ọjọ́ Méje

Ọ̀gá àgbà ọsibítù wa kì í kọ lẹ́tà kó má fi "Ẹ má fòyà" parí rẹ̀. Ìdí tí a fi ń pè é ní Má-fòyà lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ògiri wọ́ọ̀dù wa nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ló burú jù: ìbòmú kan ni nọ́ọ̀sì kan yóò lò fún ọjọ́ méje, kò léwu rárá, ẹ má fòyà. Àwọn tuntun wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ojo ọkùnrin! Láti ìgbà tí àrùn náà ti dé, kò dé ibi tí aláìsàn ti ń wúkọ́ rí.

Bí iṣẹ́ bá parí, oníkálukú á ki ìbòmú tirẹ̀ sínú àpòòwé, á tò ó sórí tábìlì ẹnu ọ̀nà. Tèmi ti lo ọjọ́ mẹ́rin, okùn rẹ̀ sì ti fẹ́ já. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́. Ìyá mi nìkan ni mo ní, ikọ́ fée sì ń ṣe wọ́n. Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń dúró níta lẹ́bàá fèrèsé kí wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Má-fòyà mú ayàwòrán wá kó lè ya fọ́tò pẹ̀lú wa. Ó gbàgbé ìbòmú tirẹ̀ sínú mọ́tò. Ó rí àpòòwé tó tò lọ rẹrẹ, ó rò pé tuntun ló wà nínú wọn. Òun ló pàṣẹ, kò mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ó mú tèmi. Mo rí i, mo sì pa ẹnu mi mọ́.

Ó fi bo imú, ó gbé àyà síwájú. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó bá ojú ti bá imú. Ẹ má fòyà."

Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò tán, mo ní, "Ọ̀gá, ìbòmú mi lẹ wọ̀ yẹn, sà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wúkọ́ ni mo ti ń lò ó láti ọjọ́ mẹ́rin."

Háà! Ẹ wá wo àgbàlagbà tó ń fò sókè fò sílẹ̀. Ó já a sọnù, ó fi ọṣẹ fọ ẹnu, ó fọ imú, ó fọ etí tí nǹkan kan ò kàn. "Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Ó sá lọ sílé, ó ti ara rẹ̀ mọ́lé tòun ti kọ́kọ́rọ́.

Káfíńtà ọsibítù ló bá wa já kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ìbòmú kún un dé òkè. A ṣì ń pín in lọ́wọ́ nígbà tí fóònù wọ́ọ̀dù dún.

"Nọ́ọ̀sì, ọ̀fun ń dùn mí o. Àbí ó ti ràn mí?"

"Ẹ má fòyà, sà. Ìbòmú yẹn ṣì ku ọjọ́ mẹ́ta."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi láti ojú fèrèsé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

"Ṣé ó rí oorun sùn?"

"Rárá o, Màámi. Gbogbo wákàtí ló ń yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ó gbóná."

"Ó ti di òṣìṣẹ́ ọsibítù nìyẹn," ni wọ́n wí. Wọ́n wá wò mí. "Ìwọ ńkọ́? Ìwọ rí oorun sùn?"

Mo sún sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lẹ́bàá fèrèsé.