Ọ̀pá Tó Ń Ṣẹ́jú

Ọ̀pá kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú kọ̀ǹpútà, tó ń fi ibi tí lẹ́tà máa bọ́ sí hàn, tún fò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Obìnrin ẹnjiníà náà tẹ lẹ́tà kan, ó fi àmì ohùn sí i lórí, ọ̀pá tún fò. Orí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn ló jókòó sí, kọ̀ǹpútà lórí itan, àwọn tó ń gòkè ń ré ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá.

Nínú yàrá tó wà lókè àtẹ̀gùn, nọ́ọ̀sì ń múra láti tú báńdéèjì ojú bàbá ẹnjiníà náà. Bàbá ti ṣe káfíńtà títí ojú fi di bàìbàì, tó ń fọwọ́ wá ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Òní ni wọn yóò mọ̀ bóyá ó yọrí.

"Ìwọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí," bàbá ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀, ọmọ rẹ̀ sì ti ṣèlérí pé òun yóò wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún: irinṣẹ́ ìkọ̀wé tó ṣe ti bàjẹ́.

Ìgbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ló ṣe irinṣẹ́ yìí, tí èèyàn fi ń kọ̀wé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ó gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́: kí ẹni tó bá wù lò ó, kí ẹni tó bá wù tú inú rẹ̀ wò, kó sì tún un ṣe. Ó rò pé téèyàn bá ti fúnni lẹ́bùn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn gbà á, àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbà á, àwọn agbanisíṣẹ́ sì ń wá a kiri nítorí rẹ̀. Ó pààrọ̀ iṣẹ́, ó kó kúrò nílé kan bọ́ sí òmíràn, irinṣẹ́ ń bá a kiri bí ọmọ ọwọ́ tí kì í dá sùn. Níbikíbi tó bá ti bàjẹ́, òun ni wọ́n ń kọ̀wé sí. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n. Ṣé ẹ ṣì wà láyé?

Ẹnìkan tiẹ̀ wà tó ń ràn án lọ́wọ́. Ológbò ni wọ́n ń pè é, torí àwòrán ológbò ló fi síbi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà. Láàárọ̀ yìí kan náà, Ológbò ti fi àtúnṣe ránṣẹ́. Ó kù kí ẹnjiníà fọwọ́ sí i. Ó kà á. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí Ológbò ṣe tò ó ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó bá tún un kọ látòkè délẹ̀.

Nígbà tí ọ̀pá dúró sójú kan, ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó sáré gòkè.

Báńdéèjì ti wà nínú abọ́. Bàbá jókòó sétí ibùsùn, ó dijú pinpin.

"Ṣé kò yọrí ni?"

"A ò tíì mọ̀," nọ́ọ̀sì dáhùn. "Wọ́n ní àwọn ò ní lajú àfi tẹ́ ẹ bá dé. Mo bẹ̀ wọ́n títí, ẹ̀gbọ́n."

Bàbá yí orí síbi tí ohùn ti wá. "Ṣé o ti dé?"

"Mo ti dé, Bàbá. Ẹ má bínú."

"Sún mọ́ mi."

Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Bàbá rọra lajú. Omi jáde, nọ́ọ̀sì bá a nù ún. Ó wá ń wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe máa ń wo pákó kó tó fi ayùn kàn án.

"Ìgbà wo lorí rẹ hewú?"

Ó fọwọ́ kan irun rẹ̀. "Iṣẹ́ ni, Bàbá."

"Èyí tó o ní o ti fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ?"

"Òun ni."

"Kò wá sẹ́lòmíràn tó lè bá ọ ṣe é?"

Ìdáhùn ti wà lẹ́nu rẹ̀, èyí tó máa ń fún ọkọ, tó máa ń fún ọ̀rẹ́: kò sí. Ó lanu. Ojú bàbá kò kúrò lára rẹ̀.

"Ó wà," ló sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ó ti pẹ́ tó ti ń dúró."

 Bàbá fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì sórí itan ara rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Òun náà wolẹ̀, ó sì rí i pé àwọn ìka òun kò tíì dáwọ́ dúró. Wọ́n ń tẹ nǹkan sórí ṣòkòtò bàbá.