Ìka Tí Òbòkún Gún

Ó tún ti wú sí i. Àbí ojú mi ni? Rárá, ó wú. Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì, ìka tí mo fi ń tẹ okùn jìtá... nínú ìka mẹ́wàá tí Olúwa fún mi, òun náà ni ẹja òbòkún rí gún. Lónìí! Lónìí tí òyìnbó fẹ́ gba orin wa sínú àwo. Aago mẹ́ta ni mọ́tò máa gbé wa ní Onípàánu. Aago mélòó ló lù báyìí? Méjì ti kọjá dáadáa.

Mo na ìka. Ó ta mí dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ gbà mí o.

Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọ̀gá? Pé mo ń bá ìyá mi kó ẹja jáde nínú ọkọ̀? "Ẹja, Japhet? Ẹja!" Mo ti ń gbọ́ ohùn Bọ́lárìnwá. Òun ló ni ẹgbẹ́ orin, òun ló fi owó ara ẹ̀ ra jìtá oníná fún mi. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ló ti ń wí i: "Háílàìfù ti ń di ti àwọn bàbá wa. Rọ́kín-rólù làwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fẹ́. Tá a bá dé àárín orin, gbogbo wa á dákẹ́, jìtá nìkan ni wọ́n máa gbọ́."

Jìtá nìkan. Èmi nìkan.

Ọdún méje ni mo fi ta jìtá lẹ́yìn fèrè Àlímì. Ta ló gbọ́ mi? Bí mo bá ṣì í ta, fèrè á bò ó. Ayé ń dùn nígbà yẹn. Àfi Sátidé tó kọjá, níbi ijó wa ní Ṣómólú, tí wọ́n dákẹ́ fún mi lóòótọ́... tí gbogbo ìka mi gan paali. Àlímì ló yára fọn fèrè tó fi yọ mí. Àwọn oníjó rò pé àrà la ń dá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rọ òyìnbó ò ní pàtẹ́wọ́ o. Ohun tó bá gbọ́ ló máa gbà, wọ́n á sì máa gbé e sórí giramafóònù kiri Èkó: "Ẹ gbọ́ Japhet, ará Bàrígà!" Ikú yá ju ẹ̀sín.

Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi ṣá. Moshood inú ẹgbẹ́ wa á bá wa ta á. Ó mọ̀ ọ́n ta, ó sì ti pẹ́ tó ti ń retí àyè. Wọ́n á ní ó mà ṣe o, ẹja ló gún Japhet, ta ni yóò bá ẹja ṣẹjọ́... Kí ló dé tí ọkàn mi fi fúyẹ́ báyìí? Ìka ń ta mí burúkú, ọkàn mi fúyẹ́.

Ìyá mi ò tilẹ̀ kí mi kú ìrora. Ìyẹn ń dùn mí. Ó rọra gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ojú mi ló ń wò, kò wo ìka. "Ìwọ, Japhet? Òbòkún?" Ó bá tiẹ̀ lọ. Kí ló ń rò ná? Ṣé ẹja mọ ọmọ Ìlàjẹ ni? Ó lè gún ẹnikẹ́ni —

Irọ́.

Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti ń mú òbòkún. Ẹ̀yìn orí la ti ń mú un, ká fi ìka há a lẹ́yìn ẹ̀gún. Bí mo bá di ojú mi, mo lè mú ogún. Láàárọ̀ yìí, ta ló rán mi létí ọ̀sà? Ìyá mi ò pè mí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti fọwọ́ kan ẹja gbẹ̀yìn, nítorí jìtá. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń mú un tẹ́lẹ̀. Òsì ni mo tì bọ apẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ̀gún náà nà ró gangan, mo sì —

Jésù. Mo rí i. Mo rí i, mo sì nawọ́ sí i.

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi bẹ òbòkún lọ́wẹ̀ kó bá mi sá.

Mo ṣì jókòó síbí. Ìka ṣì ń ta mí. Ìyá mi ti mọ̀ kí èmi fúnra mi tó mọ̀.