Àyẹ̀wò ní Àgọ́ Oyèdìran

Yéwándé gbé fóòmù kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì ń fi èékánná tú etí rẹ̀ wò. Ìdun ló ń wá. Ìdun kan ṣoṣo á tó o. Kò rí.

Ahéré kẹta nìyí. Ó ti yẹ àwọ̀n ẹ̀fọn wò, ó ti yẹ àgbá omi wò, ó ti wọ ilé ìdáná, ó tilẹ̀ ti bẹjú wo ṣáláńgá. Gbogbo rẹ̀ mọ́. Bí ó ṣe mọ́ tó ni inú ń bí i tó.

Oyèdìran, bàbá tó ni àgọ́ náà, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn. Irun rẹ̀ ti funfun. "Màdáàmù" ló ń pè é láti àárọ̀, bí ẹni tí kò rí i rí. Èyí ló dun Yéwándé jù: ó pa àbúrò òun, kò sì dá òun mọ̀.

Ọdún kẹjọ rèé. Ní àgọ́ etí odò yìí, nítòsí ọgbà ẹranko Káínjì, ni Fọlọ́runṣọ́, àbúrò rẹ̀, ti ń tu ọkọ̀ fún àwọn àlejò tó ń wá wo erinmi, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí agbára wọn kò ká òtẹ́ẹ̀lì ńlá. Ó sọ fún Oyèdìran pé ọkọ̀ ń jò. Oyèdìran ní kó ṣì lò ó lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ̀ rì láàárín odò. Fọlọ́runṣọ́ gbé àlejò kan dé èbúté, ó padà lọ gbé èkejì, kò sì bọ̀ mọ́.

Yéwándé kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń lọ sí ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó ń kọrin, ó ń padà sílé ní àdúgbò Tunga ní Mínná, ó ń dúró. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Nígbà tí Mínná di olú-ìlú ìpínlẹ̀, tí ìjọba tuntun ń gba òṣìṣẹ́, ó wọ ẹ̀ka tó ń yẹ ilé àlejò wò. Lóṣù tó kọjá ni fáìlì Oyèdìran balẹ̀ sórí tábìlì rẹ̀, ní ọ́fíìsì tí òórùn ọ̀dà kò tíì kúrò lára ògiri rẹ̀. Bí kò bá fọwọ́ sí i, àgọ́ á di títì. Kí mọ́tò tó kúrò ní Mínná láàárọ̀ ló ti mọ ohun tí òun máa kọ.

"Ó ku àwọn ọkọ̀," ni Oyèdìran wí.

Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà létí omi. Yéwándé kúnlẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra pákó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú èkejì, lábẹ́ ìjókòó, ìka rẹ̀ kan ohun tútù. Igi náà ti sán, tín-ín-rín bí irun. Ó ti rí ohun tó ń wá.

"Èyí ń jò," ó wí. Ó gbójú sókè, ó ń retí ẹ̀bẹ̀.

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ojú ibẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó mú un kúrò. "Mi ò rí i. Ojú mi ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n rán ọ wá nìyẹn."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n rán mi?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sí Mínná. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ rán wá jẹun tán, ó fẹ́ fọwọ́ sí i láì dé etí omi. Mo ní mi ò fẹ́. Mo ti rí ọ ní ọ́fíìsì yín; mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹ̀gbọ́n Fọlọ́runṣọ́."

"Ẹ mọ̀ mí láti àárọ̀?"

"Látìgbà tí o ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Kí ni ǹ bá pè ọ́?"

Oyèdìran lọ mú àáké wá láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ìdí ọkọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni má lè lò ó mọ́. Ó ti dàgbà; àáké ń ta padà, èémí rẹ̀ ń dún. Nígbà tó yá, àáké bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yéwándé bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Ojú bàbá náà wà lára irin àáké, ṣùgbọ́n kò yẹra. Yéwándé wò ó títí, lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọkọ̀, ó sì ń la á títí omi fi wọlé.

"Màá fọwọ́ sí méjì tó kù," ó wí. "Màá sì máa wá lóṣooṣù."

"Tò, mo gbọ́," ni Oyèdìran wí. "Máa bọ̀."

Yéwándé kò dárí jì í. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó ń mí, bàbá náà jókòó síbi tí kò jìnnà sí i. Ọdún mẹ́jọ ló fi rò pé òun nìkan ló ń ka ọjọ́ tí Fọlọ́runṣọ́ ti kú.