Ojú Aṣọ́lé

Ìyá ọmọ aṣọ́lé bọ́ọ̀lù dúró sẹ́yìn àga onífọ́tò, ó na ọrùn sí ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń yọjú wo inú kànga.

"Èyíkéyìí tó bá ti gbé ojú ọmọ mi jáde ni mo fẹ́," ló wí. "Ọ̀la la máa sin ín. Fóònù tí gbogbo fọ́tò ẹ̀ wà nínú ẹ̀, ọkọ̀ tó pa á ló tẹ̀ ẹ́ fọ́. Fọ́tò tó wà nílé, ọmọ ọwọ́ ló ṣì jẹ́ nínú ẹ̀. Wọ́n ní ìwọ lo máa ń ya òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù alẹ́."

"Èmi ni, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní pápá? Anti Mànàmáná ni àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù ń pè é, nítorí fíláàṣì rẹ̀ tó ń kọ mànà nínú òkùnkùn. Ẹnu rẹ̀ mú ju iná náà lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ba fọ́tò jẹ́ títí ó fi mọ̀ ọ́n yà. "Iná fíláàṣì," a máa wí, "ọbẹ̀ ilé olọ́mọ púpọ̀ ni. Ẹni tó jókòó ti ìkòkò ló ń yó. Kó tó kan ará ẹ̀yìn, omi ló kù." Ìdí nìyẹn tó fi máa ń lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n àwọn alátakò, níbi tí Ẹsẹ̀ Òsì, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún wọn, yóò ti wá bá a. Á ti wọn iná sílẹ̀ dè é, kò pọ̀ jù, kò kéré. Nínú fọ́tò Ẹsẹ̀ Òsì, èèyàn lè ka ẹ̀kán òógùn iwájú orí rẹ̀.

Aṣọ́lé, tó ń ṣọ́ àwọ̀n tiwọn, wà ní ìkángun kejì pápá.

Àwòrán ń kọjá. Ẹsẹ̀ Òsì fò. Ẹsẹ̀ Òsì kúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ Òsì la ẹnu gbàgà. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, nínú òkùnkùn biribiri, jẹ́sì kékeré kan aláwọ̀ ọsàn.

"Òun nìyẹn," ni ìyá ń wí. "Òun nìyẹn. Sún un mọ́ wa."

Kò ṣeé sún.

Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà tó súnmọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí ọmọ náà mú pẹnáríìtì, ó sáré la pápá já wá bá onífọ́tò, ó ya apá méjèèjì: "Anti, ẹ ya èmi náà!" Iná tó wọ̀n de Ẹsẹ̀ Òsì lọ́ọ̀ọ́kán ló bá a lójú nítòsí. Funfun báláú. Etí wà, ọrùn wà, ojú kò sí.

Onífọ́tò rántí ohun tó sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. "Kúrò níwájú mi jàre, ta ló fẹ́ ra fọ́tò ẹ?" Gbogbo àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

"Dín iná èyí kù," ni ìyá wí.

"Kò gbà mọ́, mà. Ohun tí kò jinná ṣeé dá padà sórí iná. Èyí tó jóná ti jóná."

Ó padà sí ọ̀kan nínú àwọn tó dúdú, ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Ojú yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rí ṣákiṣàki, bí ẹni tí wọ́n da yanrìn lù. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé, onífọ́tò ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Nígbà tó sú u, ó ní kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ gbọn yanrìn náà dànù, kó fi òye ara rẹ̀ dí àlàfo. Lójú ẹsẹ̀, ojú mọ́. Ó jọ̀lọ̀, ó ń dán, eyín funfun nini. Onífọ́tò mí kanlẹ̀.

Ìyá wò ó títí.

"Ọmọ ta nìyí?"

Onífọ́tò yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ìyá.

"Àbí ìwọ bá mi wò ó dáadáa," ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Mo ti sunkún débi pé ojú mi ń ṣe bàìbàì. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìwọ ń rí i. Ṣé òun nìyí?"

Onífọ́tò pa ojú dé kó lè rí i. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ojú Ẹsẹ̀ Òsì ló ń yọ sí i, tòun ti èjí àti àpá àgbọ̀n rẹ̀. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún wá ọmọ náà. Ó wá a, ó wá a.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló wí níkẹyìn, ojú rẹ̀ ṣì wà ní pípadé. "Báwo ló ṣe rí?"