Òjìji Òpó Tó Di Géètì

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: ọkùnrin tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Ọ̀gá Máàpù kò fẹsẹ̀ tẹ ibi ìkọjá ojú irin yẹn rí. Orí àga ló jókòó sí tó ń wo fọ́tò tí wọ́n yà láti òkè. Ó rí ìlà dúdú kan tó dábùú ọ̀nà, ó pè é ní géètì tí wọ́n ń ṣí fún ẹni tó fẹ́ kọjá, ó sì kọ ọ́ sínú máàpù tí aráyé ń wò lórí fóònù pé ẹlẹ́sẹ̀ lè gba ibẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ náà lè gùn ún kọjá láìsọ̀kalẹ̀. Òjìji òpó iná ni géètì ọ̀hún.

Ó wá dúró báyìí níwájú ibùsùn ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ó gbé àpò ọsàn dání bí ẹni tó tún wá tọrọ ìyàwó nílé tó ti gbé ọ̀kan.

“Àna wa, ṣé èmi lẹ gbé ọsàn yẹn wá fún, àbí ẹ kàn ń gbé e kiri?”

Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Láti ìgbà tó ti gbọ́ pé apá obìnrin náà kán ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, kò tíì tún máàpù ṣe. Níbi iṣẹ́ wọn, bí wọ́n bá tún ibi ìkọjá kan ṣe, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣì í kọ á hàn sí gbogbo ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń múra láti fi í ṣe olórí àwọn tó ń to ibi ìkọjá sínú máàpù.

“Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ṣe yín léṣe.”

“Ẹ̀yin kẹ̀? Ṣé ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ni?”

Ó jẹ́wọ́ tán pátá: fọ́tò, òjìji, géètì. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ká má purọ́, gbígbọ̀n náà dùn mọ́ ọn díẹ̀. Ṣé gbogbo èèyàn ló lè jókòó sí ọ́fíìsì kó sì fi ìka kan ṣoṣo gbé àgbàlagbà ṣánlẹ̀?

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

“Fóònù tèmi kò mọ̀ ju kó dún lọ. Ọ̀nà tí mo ti ń gbà kí wọ́n tó bí yín sídìí iṣẹ́ máàpù, ta ni yóò júwe rẹ̀ fún mi? Òkúta àárín irin ló gbé táyà mi mì. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ kò dáa, ìkánjú ló kó mi débẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ yín kò tóbi tó bẹ́ẹ̀.”

Ọkàn Ọ̀gá Máàpù fúyẹ́. Ó dùn ún díẹ̀ pé wọn kò ka òun sí, ṣùgbọ́n ó bó ọ̀kan nínú ọsàn aláìsàn, ó ń mu ún. Àtúnṣe lè dúró, kí wọ́n kọ́kọ́ fi òun joyè ná.

“Ìyàwó mi ńkọ́? Ó ní ibí lòun máa yà sí.”

“Ó ti gun kẹ̀kẹ́ lọ gba oògùn mi lódìkejì ojú irin. Mo ní kó gba orí afárá, ó ní rárá, ojú mi tó ti ń ṣe bàìbàì ló jẹ́ kí n ṣubú, máàpù ní wọ́n ń gùn ún kọjá láìsọ̀kalẹ̀.” Aránṣọ na ọwọ́ tó dáa sí àpò ọsàn. “Ó ní òun mọ ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀.”