Ẹ̀gẹ́ Tó Kù Lójú Títì

Ọ̀gá ọlọ́pàá náà na ègé ẹ̀gẹ́ kan sókè kí gbogbo wa lè rí i. Òjò ti rẹ ẹ́, ó ti wú, ẹrẹ̀ sì ti bá a.

"Ta ló ni èyí?" ló béèrè.

Ẹnu Elvire ò gbà á dúró. Elvire lè fi ojú lásán mọ ẹ̀gẹ́ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan gé lábúlé wa, ó sì máa ń fi í yangàn. "Ọwọ́ Justine nìyẹn," ló wí, tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni tó já àlọ́. "Àwọn ará Aklampa, ìlú rẹ̀, ló ń gé e gígùn pẹlẹbẹ báyìí. Tiwa kì í rí bẹ́ẹ̀."

Kò mọ ohun tó sọ. Àwa yòókù ti mọ̀ ọ́n kó tó pa ẹnu dé. Mo wo Justine, ìyàwó Cosme àbúrò mi, tó dúró ti ògiri ilé Ézéchiel, olórí abúlé wa, pẹ̀lú ọmọ oṣù méje lẹ́yìn. Kò gbé ojú sókè. Èmi náà yára gbé ojú tèmi kúrò lára rẹ̀, nítorí kò yẹ kí wọ́n bi í léèrè ohunkóhun. Èmi ló yẹ kí wọ́n bi.

Lábúlé wa, lọ́nà Lèma, orí títì ọlọ́dà la ti ń sá ẹ̀gẹ́. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí a ò sá a sórí àpáta. Àpáta ò wọ́n wa nílẹ̀ Ìdáṣà, orí rẹ̀ sì làwọn ìyá wa ń sá a sí, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ò jẹ́ kí èèyàn gbádùn níbẹ̀, orúnkún mi náà kì í sì í ṣe ti ọmọge mọ́. Ẹ̀gẹ́ tó máa lo ọjọ́ márùn-ún lórí àpáta, ọjọ́ méjì péré ni lórí ọ̀dà. A ó tẹ́ ẹ sí apá kan títì, a ó wá to òkúta ńláńlá yí i ká kí ọkọ̀ má bàa gùn ún. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá kẹ́yìn lójú títì ló ń yí òkúta kúrò. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ìjọba ní òfin ò gbà á. Lóṣù kejì, ọ̀gá ọlọ́pàá yìí kan náà ti wá láti Dassa wá bá wa sọ ọ́. Ọmọ Kétu ni, èdè rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí tiwa. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun dí ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà, pé ẹni tó bá ṣe é á san owó ìtanràn, àti pé tó bá ti lọ ṣe èèyàn léṣe, ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Èmi Rébecca ni mo dìde dá a lóhùn.

"Ọ̀gá," mo ní, "lóṣù kẹjọ tí àwọn tó ń lọ gbàdúrà ní ihò àpáta Grọ́ọ̀tì bá kún títì bámúbámú, tí ọkọ̀ ò rí ọ̀nà gbà, ṣé Màríà Mímọ́ lẹ máa ń kọ́kọ́ mú ni, àbí àwa ẹlẹ́gẹ̀ẹ́?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọlọ́pàá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn yẹn ń gba ìwé àṣẹ ní méèrì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ọlọ́pàá sì ń dúró tì wọ́n. Mo pòṣé, mo jókòó. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà. Kò sí ibi tí wọ́n pè mí sí láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn tí wọn ò ní kí n tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni òjò àkọ́rọ̀ ká wa mọ́ ojú títì. Kò ṣú títí, kò kì wá nílọ̀. Atẹ́gùn kan ṣoṣo ló fẹ́ láti orí òkè, ẹ̀kán omi sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kó ẹ̀gẹ́ ń kó, ẹni tó ń sá lọ ilé ń sá. Nígbà tó yá, ó ku èmi àti Justine. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń ké, òjò ti ń rin ín lórí.

"Gbé ọmọ yẹn wọlé," mo ní. "Èmi á bá ọ kó tìẹ, màá sì yí òkúta kúrò."

"Ẹ ṣé, Ìyá Diane," ló wí, ló bá sáré lọ.

Mo kó tèmi. Mo gbé e rù. Mo wẹ̀yìn wo tirẹ̀ nílẹ̀, mo wo òkúta mẹ́jọ tó tò sójú títì, ni àrá bá sán. Mo ní kí n gbé tèmi délé ná, kí n padà wá. Mo délé, mo bọ́ aṣọ tútù, mo jókòó ti iná. Mo ní tí òjò bá dá. Òjò ò dá. Mo ń fi ẹnu fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná nígbà tí a gbọ́ ìró kan láti ìsàlẹ̀, gbàà, lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo rẹ̀ sì pa rọ́rọ́.

Wilfried ni, ọmọ ìlú Kpingni tó ń fi alùpùpù gbé èrò. Kò gbé èrò kankan lásìkò yẹn, ilé ló ń lọ. Kò rí òkúta nínú òjò. Àwọn ọkùnrin gbé e sínú ọkọ̀ kan tó ń kọjá lọ sí Dassa, orí rẹ̀ ń ṣe rìrọ̀-rìrọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ọlọ́pàá dé, wọ́n ní kò tíì la ojú.

"Justine," ọlọ́pàá pè é. "Ṣé ìwọ lo kẹ́yìn lójú títì?"

Justine tún ọ̀já ọmọ rẹ̀ so.

Ézéchiel bọ́ fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní iye tó bá jẹ́ ìtanràn, abúlé á dá a jọ.

"Bàbá, ó ti kọjá ìtanràn," ọlọ́pàá dá a lóhùn. "Èèyàn ń bẹ ní òpìtáàlì tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Justine, mo tún bi ọ́. Tí kì í bá ṣe ìwọ, ta ni? Ta lẹ jọ wà níbẹ̀ gbẹ̀yìn?"

Justine ń wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ní sọ. Nílẹ̀ wa, ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ará ilé ọkọ rẹ̀, kí á má tíì sọ ti pé kó nàka sí i níwájú àlejò. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n Cosme, ọkọ ni mo jẹ́ fún un. Láti ọdún mẹ́rin tó ti wọlé, kò pè mí ní Rébecca rí, ì báà ṣe lójú oorun. Mo mọ gbogbo èyí, mo sì sá sábẹ́ rẹ̀ bí ewúrẹ́ ṣe ń sá sábẹ́ àjà nígbà òjò.

Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ń bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù àwọn obìnrin yẹn ń bà mí jù ú lọ. Àwọn tí mo pa lẹ́rìn-ín lóṣù kejì ló dúró yí mi ká yìí. Mo ń rò ó bí wọ́n ṣe máa wò mí tí mo bá la ẹnu. Mo ń wí nínú ara mi pé wọ́n á kàn bi Justine ní ìbéèrè ni, wọ́n á ní kó padà sílé. Cosme á dé láti oko lálẹ́, á lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ta ló máa ti ìyá ọmọ ọwọ́ mọ́lé?

Ọlọ́pàá pa ìwé rẹ̀ dé. "Ó dáa. Wọnú ọkọ̀. O ó sọ ìyókù fún adájọ́."

Justine tú ọ̀já. Ó gbé ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ó sún mọ́ mi, ó sì nà án sí mi. Nínú gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀, èmi ló gbé e fún.

"Ẹ bá mi mú un, Ìyá Diane," ló wí. "Kò tíì mọ ẹ̀kọ mu dáadáa. Ẹ máa fi ṣíbí kékeré fún un."

Mo gba ọmọ. Ó wúwo, ara rẹ̀ gbóná. Ìyá rẹ̀ gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó jókòó sórí pákó láàárín ọlọ́pàá méjì, omi ọmú ti yọ lára bùbá rẹ̀.

"Èmi ni!" mo kígbe. "Èmi ni mo kẹ́yìn. Èmi ni mo ní kó máa lọ."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ọlọ́pàá wò mí, ó wo ọmọ tí mo gbé, ó mí kanlẹ̀.

"Màmá," ló wí jẹ́jẹ́, "mo mọ̀ pé àánú ọmọ yìí ló ń ṣe yín. Ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́bàá òkúta kì í ṣe tiyín. Ará abúlé yín ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo kó tèmi, mo fi tirẹ̀ sílẹ̀ ni!"

"Ṣé òótọ́ ni?" ó bi Justine.

Justine mi orí. "Mi ò ní nǹkan kan láti sọ."

"Justine, sọ fún un!" Mo ti dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. "Sọ òótọ́ fún un, mo bẹ̀ ọ́."

Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọlọ́pàá fi ọwọ́ sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ. Ọkọ̀ bú ramúramù, ó gbọ̀n jìgìjìgì, ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi sì fi igbe bọnu. Kì í ṣe ẹkún ebi. Ó ń na ọwọ́ méjèèjì, ó ń tì mí láyà kí n fi òun sílẹ̀. Ọkọ̀ ti yí táyà lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí Justine fi ọwọ́ gbá irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Rébecca ni!"

Mo rí i tí Elvire fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ̀ dúró.

"Rébecca ló ní kí n máa lọ," Justine wí. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Èmi ló ń wò, kì í ṣe ọlọ́pàá. "Rébecca ní òun á kó ẹ̀gẹ́ mi, òun á yí òkúta kúrò. Mo sì gbà á gbọ́."

Ọlọ́pàá náà ní kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ọmọ Kétu ni, ilé wọn náà ní ìyàwó. Ó mọ̀ pé obìnrin kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Kì í ṣe orúkọ tó pè ló dùn mí. Gbígbà tó gbà mí gbọ́ ni. Mo ti ń ro ẹ̀wọ̀n, mo ti ń ro ẹ̀rín obìnrin, n kò ronú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ó sáré wọlé lọ́jọ́ náà láìwẹ̀yìn, nítorí pé èmi ni mo sọ̀rọ̀. Wilfried náà sáré bẹ́ẹ̀, ó rò pé ọ̀nà là sílẹ̀. Omijé dà lójú mi, mi ò sì rí ọwọ́ fi nù ún torí ọmọ tí mo gbé.

Justine sọ̀ kalẹ̀. Ó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi láìsọ nǹkan kan, ó fi ọmú sí i lẹ́nu níbẹ̀, lórí ìdúró. Mo gun ọkọ̀. Pákó tó jókòó lé ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́.

Ọlọ́pàá tún ìwé rẹ̀ ṣí, ó wá ojú ewé tó mọ́.

"Rébecca," ó kà á bó ti ń kọ ọ́. "Ṣé orúkọ yín nìyẹn, màmá?"

Mo ní òun ni.