Pijó Bàbá Tí Kò Kúrò Lójú Kan

Ahun ni gbogbo Agbowó ń pe Bàbá Túnráyọ̀ títí ó fi kú, èèyàn kò sì lè bá wọn jà. Ọkùnrin tó ra Pijó 404 tuntun, tó gùn ún fún ọdún méjì péré, tó wá gbé e sí ẹ̀yìnkùlé lọ́dún 1968, tó sì ń fẹsẹ̀ rìn kiri ní gbogbo ìyókù ayé rẹ̀, kí ni ká pe irú rẹ̀? Tí wọ́n bá bi í, á ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Tí wọ́n bá ní kó tún un ṣe, á ní kò sáyè. Àwọn tó ń ra irin àlòkù wá títí, ó sú wọn.

Túnráyọ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, bínú sí ọkọ̀ náà láti kékeré. Òjò á máa rọ̀, òun àti Bàbá á jọ há mọ́ abẹ́ agboòrùn kan lọ sí ilé ìwé, Pijó á sì jókòó sílé lábẹ́ igi ọsàn bí àlejò tó jẹun yó. Ìgbà tí Bàbá kú tán ni ìbínú náà yí padà. Lọ́dún 1997, Túnráyọ̀ ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Dùgbẹ̀, ó sì pinnu pé òun máa tún ọkọ̀ náà ṣe láti orí dé ẹsẹ̀, kí òun fi gbé Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ọdún márùndínláàádọ́rin rẹ̀. Màmá kò gbọdọ̀ gbọ́ kó tó di ọjọ́ náà.

Ahmed ló bá ṣètò rẹ̀. Mẹkáníìkì ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Òjóò, tó bá sì rí Pijó àtijọ́, ojú rẹ̀ á máa dán. Ó wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí Màmá lọ sí ọjà, ó mú ìwé ọmọléèwé kan dání, ó ń yí ọkọ̀ po, ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

“Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ yìí, Àǹtí. A máa gé e dànù, a máa jó tuntun mọ́ ọn. Eku ti jẹ wáyà, gbogbo rẹ̀ la máa tú. Àwọn tó máa rán àga wà ní Mọ̀lété. Ọ̀dà ńkọ́? Àwọ̀ tí wọ́n fi rà á náà la máa kùn ún. Màá ha á títí màá fi kan irin.”

“Ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì ńkọ́?”

“Ìyẹn la máa gbẹ̀yìn sí.”

Ó da ọ́ìlì sí ojú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó padà wá, ó ki irin gígùn bọ imú ọkọ̀, ó fi gbogbo ara yí i. Ẹ́ńjìnnì yí. Ahmed dúró, ó nu ọwọ́, ó tún yí i.

“Àǹtí, ta ló sọ fún yín pé ẹ́ńjìnnì yìí nọ́ọ̀kì?”

“Bàbá mi ni.”

“Kò nọ́ọ̀kì o. Kò sí ohunkóhun tó ṣe é. Wíwà ni wọ́n wa ọkọ̀ yìí débí.”

Ẹnu ya Túnráyọ̀. Díákónì ni Bàbá í ṣe, kì í parọ́ fún ẹran. Kí ló wá dé tó fi parọ́ mọ́ ọkọ̀ ara rẹ̀ láti ọdún 1968 títí ó fi kú? Ẹni tó lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn Bàbá Àkànó, àbúrò Bàbá, tó ń gbé ní Apẹ́tẹ̀. Túnráyọ̀ kọ lẹ́tà, ó fi rán ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ pé Màmá ń lọ sí àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Ọ̀yọ́, àti pé àwọn máa gbé ọkọ̀ lọ sí Òjóò lọ́jọ́rú kó tó dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ mẹkáníìkì. Èyí tó bá ní ọjọ́rú lòun ń bọ̀, ọjọ́ Ẹtì ni kẹ́ ẹ máa retí rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì náà sì ni Ahmed dé, pẹ̀lú táyà mẹ́rin àti ọkùnrin méjì tó ń jó irin. Ó ní kí àwọn ṣe é kíá kí òun lè lọ kírun Jímọ̀. Wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀, wọ́n de táyà mọ́ ọn, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fi èjìká tì í. Pijó ké, ó mì, ó sì yí sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́jọ.

Ahmed ló kọ́kọ́ wo ilẹ̀. “Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ yìí. Kò sí ewé kan. Ta ló ń gbálẹ̀ síbẹ̀?”

Lóòótọ́, ilẹ̀ mọ́ tónítóní, ipa ọwọ̀ ṣì wà lára iyẹ̀pẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti rí ohun tó wà láàárín ilẹ̀ mímọ́ náà. Sìmẹ́ńtì pẹlẹbẹ kan ni, kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, ẹnì kan sì ti fi ìka kọ lẹ́tà J sí i nígbà tó ṣì tutù.

Ahmed ṣí fìlà. “Ìnnà lílláhì. Àǹtí, ibojì rè é. Ibojì ọmọdé ni.”

Túnráyọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ló ṣì wà tí ọ̀kadà kan fi já wọ àgbàlá, tí Bàbá Àkànó, arúgbó tó ti búra pé òun kò ní gun ọ̀kadà láyé, bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́.

“Ẹ dá a padà! Àárọ̀ yìí ni lẹ́tà yìí tó tẹ̀ mí lọ́wọ́! Ẹ dá a padà!”

“Bàbá, ta ló wà níbẹ̀?”

Bàbá Àkànó wo sìmẹ́ńtì, ó gbójú kúrò. “Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Jóṣúà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ibà ọjọ́ mẹ́ta péré ló mú un lọ, ọdún tó tẹ̀ lé e la bí ìwọ.”

Ẹ̀gbọ́n! Túnráyọ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní ọmọ kan ṣoṣo. Kò mọ ìgbà tó ké.

“Òbí kì í rí ojú oórì ọmọ,” ni Bàbá Àkànó wí. “Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la sin ín, a kò sọ ibi tí a sin ín sí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ń wá a. Lójoojúmọ́ ló ń gbé ọkọ́, tó ń wá ibi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀. Nígbà tí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ fún oṣù kan, mo da sìmẹ́ńtì bo ibẹ̀, mo wá sọ fún bàbá rẹ pé, ‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín.’ Mo wà á síbí. Mo ní, ‘Ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀.’ Wọn ò bi mí nídìí rẹ̀. Títí wọ́n fi kú, wọn ò bi mí, wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀.”

Túnráyọ̀ rántí agboòrùn. Ó rántí bàtà Bàbá tí òjò ti jẹ. Ó tún rántí ọjọ́ kan tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tó wo ojú Bàbá, tó ní, “Ahun tí wọ́n ń pè yín, wọn ò parọ́,” tí Bàbá kàn rẹ́rìn-ín, tó sì gba àpò ìwé rẹ̀ gbé. Ojú tì í. Ká ní ilẹ̀ lanu, ì bá wọlé.

“Aago kan ti lù,” ni Bàbá Àkànó wí. “Ìyá rẹ ti wà lójú ọ̀nà. Tó bá rí èyí, ó máa pa á.”

Wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ bo sìmẹ́ńtì títí kò fi hàn mọ́. Ahmed ṣí ìwé rẹ̀, ó fa ìlà sórí “gbígbé lọ Òjóò”, ó kọ “ibí la ó ti ṣe é” sábẹ́ rẹ̀. Kò dárúkọ Jímọ̀ mọ́. Gbogbo wọn tì í, arúgbó náà tì í. Ọkọ̀ rìn, ó dúró, ó tún rìn díẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ìró géètì.

Màmá ló dé pẹ̀lú àpò ìrìnàjò rẹ̀. Wọ́n kí i káàbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn wọn dùn ju bó ti yẹ lọ. Màmá wo táyà tuntun, ó wo òógùn lójú Bàbá Àkànó, ó wo iyẹ̀pẹ̀ tútù níwájú ọkọ̀.

“Ta ló da iyẹ̀pẹ̀ síbí?” ni Màmá béèrè. “Mo gbá ibí kí n tó lọ.”



Màmá bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ wọn ilẹ̀ láti ìdí igi ọsàn dé imú ọkọ̀, bí ẹni tó ti ń wọ̀n ọ́n tipẹ́. “Ọkọ̀ yìí kò tíì dé àyè rẹ̀. Ẹsẹ̀ Jóṣúà wà níta.”

Bàbá Àkànó di igi ọsàn mú. “Màmá Túnráyọ̀! Láti ìgbà wo?”

“Láti ọ̀sẹ̀ tí mo dé láti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi, ọkọ mi. Ọkọ̀ tí kò bàjẹ́, tó wá kúrò níwájú ilé, tó lọ jókòó sẹ́yìn. Kí ni mo fẹ́ rò?”

“Ẹ ò sì sọ fún Ẹ̀gbọ́n!”

“Nítorí mi ni wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ rìn. Kí n wá sọ fún wọn pé lásán ni wọ́n ń rìn?”

Ó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀yìn ọkọ̀.

“Túnráyọ̀, wá bá mi tì í.”